Apá Òsì Mi Ṣe Ẹlẹ́rìí ní Adó-Èkìtì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ìròyìn jọ fún yín ní Èkó yìí. Mo ti wá ọ̀rọ̀ dé kóòtù, mo ti wá a dé etí òkun, mo ti sáré tọ̀ ọ́ lọ síbi tí ilé ti ń jó. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí mo mú bọ̀ láti Adó-Èkìtì yìí, n kò fi etí nìkan gbọ́ ọ. Apá òsì mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó yà sí ọ́fíìsì wa, n ó ká apá ẹ̀wù mi sókè fún un, tayọ̀tayọ̀.

Ohun tí ó gbé mi débẹ̀ kò gùn. Olóde, ilẹ̀ gbígbóná tí àwọn àgbà kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an, ti wọ àwọn abúlé oko kan nítòsí Adó. Àwọn abupá ti dé ìlú pẹ̀lú oògùn tí wọ́n máa ń ha sí ènìyàn lápá kí olóde má baà mú un. Apá kan ìlú na apá fún wọn, apá kan kọ̀. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wò ó. Ó ní, "Ohun tí ìjọba sọ, mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ bá mi gbọ́ tẹnu àwọn tí ó kọ̀."

Òkè lẹ́yìn òkè

Ní Èkó tiwa, bí ilẹ̀ bá ga díẹ̀, ẹnì kan ni ó da pàǹtí síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí lọ́rì wa bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, tí mo wo ìsàlẹ̀ tí mo rí orí igi ọ̀pẹ, mo di ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi mú ṣinṣin. Obìnrin tí ó jókòó tì mí ń gbé adìyẹ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ọmọ Èkó, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Rárá o, Ìyá."

"Ó dára. Jọ̀wọ́ fi adìyẹ mi sílẹ̀, o ti fẹ́ fún un lọ́rùn pa."

Gbogbo lọ́rì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fi adìyẹ náà sílẹ̀ títí a fi dé Àrámọkọ.

Ní Adó, ọ̀dọ̀ Súlè aránṣọ ni mo wọ̀ sí, ní ẹ̀bá Ọjà Ọba. Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú àárẹ̀. Nígbà tí mo rò pé ìkíni ti parí, àwọn ará ilé kejì wọlé wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni iyán dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá àti ẹran ìgbẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán. Òmíràn dé. Mo ní mo ti yó.

Súlè wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo èmi. Ó dìde, ó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé iwájú orí mi.

"Ara rẹ̀ kò gbóná," ni ó wí. "Bóyá Èkó ni wọn kì í ti í jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ bí ẹ̀rù olóde ti tó ní ìlú yìí. Ẹni tí kò bá parí iyán rẹ̀, ara ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Mo fa àwo kejì mọ́ra. Uyán ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ulé ni wọ́n ń pe ilé, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ kẹta, èmi náà ti ń béèrè uyán láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ìlú kan wà nínú ìka mi

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ni ó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kékeré tí àwọn abupá fi ṣe ibùdó. Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun kì í ṣe dókítà, pé ó ti rẹ òun láti máa ṣàlàyé ni. Ó ní awò kan lórí tábìlì, irú èyí tí ó máa ń sọ ohun kékeré di ńlá, kò sì sí àlejò tí ó wọlé tí kì í fi hàn án. Kí n tó jókòó ó ti gún ìka mi.

"Ẹ wo ibí yìí. Kí ni ẹ rí?"

"Mo rí àkàrà. Àìmọye àkàrà pupa."

"Alárù ni wọ́n. Atẹ́gùn tí ẹ bá mí sínú ni wọ́n ń rù káàkiri ara. Wọn kò ní iṣẹ́ méjì. Ẹ wá a dáadáa, ẹ ó rí ọ̀kan tí kò pupa."

Mo wá a títí. Lójijì mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó funfun, ó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Bí mo ti ń wò ó, ó na ara rẹ̀ bí ìgbín tí ó bọ́ ìkarahun sílẹ̀, ó sì sún síwájú!

Mo fò kúrò nídìí awò náà. "Ó ń rìn!"

"Ẹ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rìn."

"Nínú ẹ̀jẹ̀ mi? Láìsọ fún mi?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò yín máa ń jí yín kí ó tó rìn yí ilé ká?"

Ó wá ṣàlàyé. Awọ ara ni odi ìlú. Bí ẹ̀gún bá gún wa, odi ti ya nìyẹn, kòkòrò àìsàn yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Kíá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò ti gbọ́, wọn yóò wọ́ dé ibẹ̀, wọn yóò sì gbé kòkòrò mì. Ibi tí ogun náà ti ń jà ni ó máa ń pupa tí ó máa ń gbóná. Àwọn kan nínú wọn a kú sójú ìjà, òkú wọn ni ó sì pọ̀ jù nínú ọyún tí a ń fún dànù. Mo rántí gbogbo eéwo tí mo ti fún láti kékeré, ojú sì tì mí.

Ó mú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kan jáde, èyí tí ó ti fi aró kùn lórí awẹ́ gíláàsì. Ẹ̀ṣọ́ irú mìíràn wà nínú rẹ̀: wọ́n kéré, orí róbótó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ara wọn, aró sì ti sọ orí náà di dúdú.

"Àwọn wọ̀nyí ń kọ́?"

"Ìwé tí mo kà kò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Wọn kì í lé kòkòrò, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n kàn wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ara máa ń rántí. Bí àìsàn bí olóde bá mú ènìyàn tí onítọ̀hún sì yè é, bí ó bá tún padà wá, ara á ti mọ ojú rẹ̀. Kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bupá ni kí á fi ojú àbúrò olóde, àìsàn màlúù tí kì í pani, han ara, kí ẹ̀gbọ́n tó dé."

Mo rìn padà sí ilé Súlè bí ẹni tí ó mu ẹmu. Mo ń kí ènìyàn lọ́tùn-ún lósì. Èmi tí mo rò pé mo dá wá sí Adó, gbogbo ọmọ ogun ni mo kó lẹ́yìn!

"Ẹ lọ bi Ìyá Aláró"

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo ń bi àwọn tí ó kọ̀. Àgbẹ̀ kan sọ fún mi pé, "Ara màlúù ni wọ́n ti mú oògùn náà. Èmi kò ní ìwo, n kò sì ń wá a." Obìnrin alákàrà kan ní, "Ọmọ Èkó, ṣé ìwọ yóò bá mi wo iná bí ọwọ́ mi bá wú?" Súlè fúnra rẹ̀ ti gba bupá, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Gbogbo wọn ni ó parí ọ̀rọ̀ wọn síbì kan náà: "Ẹ lọ bi Ìyá Aláró. Bí Ìyá bá gbà, àwa náà gbà."

Mo bá Ìyá Aláró nídìí ìkòkò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú mìnìjọ̀ dé ìgúnpá, àpá olóde sì kún ojú rẹ̀ bí ìgbà tí òjò kan ilẹ̀ oníyanrìn. Ọmọge ni nígbà tí ó mú un. Láti ìgbà náà, òun ni wọ́n ń ké sí bí ilé kan bá ní aláìsàn olóde, nítorí àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tí olóde ti kí rí nìkan ni ó ń wọ ilé bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ń fún wọn ní omi, òun ni ó ń wẹ̀ wọ́n. Kò sì tún mú un mọ́.

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó kí i tán. "Ta ni ó bá ọ rẹ ẹ̀wù yìí? Ó ti ṣá. Olè ni onítọ̀hún."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Ìbídùn, ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkọ rẹ̀ wà ní oko kòkó, ọ̀dọ̀ Ìyá ni àṣẹ ilé sì wà. Ìbídùn ti sin ọmọ méjì. Èyí tí ó wà lọ́mú rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, Dúrójayé ni wọ́n sọ ọ́, gbogbo ẹni tí ó bá pe orúkọ náà ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo bi Ìyá ìdí tí kò fi fẹ́ bupá fún un.

"Ẹ ní àbúrò olóde ni. Mo ti sin olóde débi tí mo fi mọ̀ pé a kì í fọwọ́ ara ẹni ṣílẹ̀kùn fún ìdílé rẹ̀. Ọmọ méjì ti lọ nínú ulé yìí. Ta ni yóò dúró níwájú mi tí yóò ní ẹ̀kẹta kò ní lọ?"

Mo dìde, mo dágbére. Nígbà tí mo ń jáde, Ìbídùn sìn mí dé ojúde. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ Ìyá. Abúlé méjì péré ni ó kù tí olóde yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ kí wọ́n bu apá ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo wí."

Mo padà wọlé láìmọ ohun tí n ó sọ. Ohun tí ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé, "Ìyá, Dókítà náà ń rẹ aró o. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò. "Ó ń rẹ kí ni?"

Aṣọ méjì nínú ìkòkò kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aláró dé ilé ìwòsàn, gbogbo àdúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò wá gba oògùn, aró ni òun wá wò. Ọlátúnjí gún ìka rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà pẹrẹsẹ lórí gíláàsì, ó rẹ ẹ́, ó gbé e sábẹ́ awò. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún àyè.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ó mú dáadáa. Ẹ kò fi pẹ́ jù nínú aró. Àwọn olórí ńlá tí ó jókòó yìí, ta ni wọ́n?"

"A kò tíì mọ iṣẹ́ wọn, Ìyá."

Ó gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ tí kò gbọ́n tó ọjọ́ orí rẹ̀. "Gbogbo ìwé yín, ẹ kò mọ̀? Àwọn tí ń rìn ni ọmọ ogun. Àwọn tí ó jókòó, àgbà ìlú ni wọ́n. Àgbà kì í sáré. Iṣẹ́ àgbà ni kí ó rántí."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, ṣùgbọ́n Ọlátúnjí kò rẹ́rìn-ín. Ó mú kálàmù, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá nu ojú rẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìkòkò aró dára, aṣọ méjì ni mo máa ń rì sí i, èyí tí ó ti mu aró mu aró tí kò lè mu mọ́, àti èyí tí ó funfun báláú. Ẹ ní àbúrò olóde ni oògùn yín. Ó dára. Ẹ fi sí mi lápá. Bí ó bá jẹ́ àbúrò rẹ̀ lóòótọ́, àwọn àgbà inú mi yóò mọ̀ ọ́n, kò ní rí àyè jókòó. Bí ó bá rí àyè, irọ́ ni ẹ pa, àìsàn mìíràn ni ẹ gbé wá, kò sì ní kan ọmọ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ aṣọ funfun pẹ̀lú, ẹni tí kò rí olóde rí, tí kò gba bupá rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ni yóò sọ fún mi pé oògùn yín kò ti kú sínú ìgò?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi.

"Èmi kọ́ o," ni mo wí. "Mo ti gba bupá ní Èkó, láti kékeré."

"Níbo ni àpá rẹ̀ wà?"

Mo ká apá ẹ̀wù sókè. Ọlátúnjí wo òsì, ó wo ọ̀tún. Mo ní ó ti parẹ́ ni.

"Àpá bupá kì í parẹ́," ni Súlè wí láti ẹ̀yìn, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Aṣọ funfun ni! Ẹ rì í!"

Ọjọ́ mẹ́jọ

Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n ha àwa méjèèjì lápá, láti inú ìgò kan náà. Láti ìgbà náà, n kò ní apá tèmi mọ́. Gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń wá wò ó kí n tó bọ́jú. Ẹni tí n kò mọ̀ rí yóò dá mi dúró ní Ọjà Ọba, yóò ní, "Ọmọ Èkó, ká ẹ̀wù rẹ."

Ní ọjọ́ kejì, apá Ìyá pupa, ó sì ń yún un. Tèmi dán bí àwo.  Mo wo Ìbídùn, ó ti gbá ọmọ mọ́ àyà. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oògùn ti mú Ìyá. Ọlátúnjí nìkan ni kò fòyà.

"Ẹ dúró. Ẹni tí ó mọ ojú olè ni ó máa ń kọ́kọ́ pariwo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọmọ Èkó kò tíì mọ̀ pé àlejò wọlé."

 Ìyá padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, pupa apá Ìyá ti ń lọ. Ọjọ́ kẹrin, nǹkan kan yọ lápá mi bí ibi tí yànmùyánmú jẹ. Ọjọ́ karùn-ún, ìròyìn dé pé olóde ti wọ abúlé kan sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù. Ìbídùn bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní bí Ìyá bá kọ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, òun yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Dókítà, kí wọ́n lé òun kúrò nílé bí wọ́n bá fẹ́. N kò tíì gbọ́ gbólóhùn tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ìyàwó ilé kan rí.

Ọjọ́ kẹfà, omi kún inú ohun tí ó yọ lápá mi, àárín rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ọjọ́ keje, ara mi gbóná, ohun kan wú sí abẹ́ abíyá mi bí ẹyin àdàbà, n kò sì lè jẹ uyán. Ìyàwó Súlè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n sáré pe Ọlátúnjí. Ó tẹ abẹ́ abíyá mi, mo ké, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń péjọ. Wọ́n ń jà, Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ń jà dáadáa!"

"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jà wọ́ọ́rọ́wọ́," ni mo wí.

Ọjọ́ kẹjọ, iwájú ilé Ìyá Aláró kún fọ́fọ́. Ìyá ní kí n jókòó ti òun. Ó na apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tirẹ̀ ti dán, àfi ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Tèmi wú, ó pupa, ọyún kún ojú rẹ̀ bí ojú ẹja ńlá. Ó wò ó, ó fi ìka dúdú rẹ̀ yí i ká láìfọwọ́ kàn án. 

"Aṣọ funfun ti mu aró," ni ó wí. "Èyí tí ó ti mu ún rí kò mu ún mọ́."

Ó gbá mi lẹ́yìn, apá òsì gan-an ni ó sì bà. Mo pariwo, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. 

"Ìbídùn, gbé e wá."

Ìbídùn kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

"Dìde. Ìwọ ni o ń rán ọmọ Èkó sí mi láti ọjọ́ yìí. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni?"

Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé Dúrójayé lé itan, tí ó di apá rẹ̀ kékeré mú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kàn án tí ó figbe ta, Ìyá tẹ orí ba, ó fi ẹnu sún mọ́ apá ọmọ náà. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe ọmọ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà inú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ má gbàgbé ojú rẹ̀."

Ìyàwó Súlè ni ó kọ́kọ́ tò sẹ́yìn. Kí oòrùn tó wọ̀, oògùn tán lọ́wọ́ Ọlátúnjí, wọ́n sì ń bá a jà pé kí ó lọ mú òmíràn wá.

Èkó

Lẹ́tà Ọlátúnjí dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Olóde wọ Adó lóòótọ́. Ó gba àdúgbò Ìyá Aláró kọjá, kò sì yà síbì kankan. Ọlátúnjí ní Dúrójayé ti hu eyín méjì, ó sì ti bu ìka òun jẹ.

Mo ka lẹ́tà náà sí ìyá mi létí, mo fi àpá mi hàn án. Mo ní, "Màámi, ṣebí ẹ sọ fún mi pé mo ti gba bupá ní kékeré?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí àwọn abupá dé àdúgbò wa, òun sọ mí sínú agbọ̀n, òun da ìgbálẹ̀ bò mí, òun sì jókòó tì í, òun ń kọrin kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi. Ó ní òun ti sin ọmọ kan ṣáájú mi, òun kò fẹ́ sin èkejì. N kò gbọ́ èyí rí.

Ó fọwọ́ kan àpá náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá bùbá tirẹ̀ sókè.

"Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín?" ni ó wí. "Ìwọ ni yóò dì mí mú o."